Owó ilé nìkan kọ́ lẹ máa san: ìṣirò fẹ́ni tó ń kó lọ sílùú ńlá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń palẹ̀ mọ́, ẹ má fi iye tí wọ́n kọ sára ìpolówó ilé ṣírò. Owó méjì ló yẹ kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tẹ́ ẹ máa fi wọlé, àti èyí tẹ́ ẹ ó máa ná lóṣooṣù. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀, owó á tán lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gba owó oṣù àkọ́kọ́.

Ká ní ilé náà jẹ́ 1,000 lóṣù, owó yòówù tí ìlú náà ń ná. Oṣù àkọ́kọ́, 1,000. Owó ìdógò tí onílé máa mú dání nítorí ohun tó bá bàjẹ́, bó bá jẹ́ oṣù méjì, 2,000. Tó bá jẹ́ ejẹ́ńtì ló mú yín débẹ̀, tí òfin sì gbà á láyè láti gbowó lọ́wọ́ ayálégbé, ó lè gba oṣù kan. Ó di 4,000, ẹ ò sì tíì ra bẹ́ẹ̀dì. Ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹ́kù nínú ilé o, torí níbòmíràn, ẹni tó ń kó jáde máa ń tú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná àti gílóòbù lọ.

Orí owó ìdógò yìí ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ẹ wádìí ohun tí òfin ibẹ̀ sọ. Ní Jámánì, kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù 3 lọ, láìka owó iná àti omi mọ́ ọn, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti san án lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2019, ọ̀sẹ̀ 5 ni ibi tó mọ fún ilé tí owó rẹ̀ lọ́dún kò tó 50,000 pọ́n-ùn. Ní ìpínlẹ̀ New York, oṣù kan péré ni. Ẹni tí kò mọ èyí á san ohun tí wọ́n bá ṣáà dárúkọ.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́ gan-an lẹ ti ń múra bẹ́ ẹ ṣe máa gbowó náà padà. Kẹ́ ẹ tó kó ẹrù kankan wọlé, ẹ ya fídíò gbogbo yàrá. Ẹ wo ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé àti igun àjà nítòsí ilé ìwẹ̀: bẹ́ ẹ bá rí àmì dúdú wínníwínní, tàbí tí ọ̀dà ń ṣí, ọ̀rinrin wà lára ògiri náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, wọ́n lè ní ẹ̀yin ni kì í ṣí fèrèsé. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lójú mítà, kí gbèsè ẹni tó jáde má bàa di tiyín. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà nípasẹ̀ ímeèlì, torí ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ ni ẹ̀rí yín.

Ní ti owó oṣooṣù, ẹ béèrè ohun tó wà nínú owó ilé àti ohun tí kò sí níbẹ̀: iná, omi, íntánẹ́ẹ̀tì, kíkó ìdọ̀tí, àbójútó ilé. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé owó iná oṣù tí òtútù tàbí ooru mú jù hàn yín. Ti oṣù tójú ọjọ́ tura kò ní sọ òótọ́ fún yín.

Ilé tó jìnnà náà lè tanni. Ilé 800 lẹ́yìn ìlú, owó ọkọ̀ 6 lálọ, 6 lábọ̀, fún ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó ti fi 264 kún un. Ó ti ju 1,000 tẹ́ ẹ sá fún lọ, ẹ ò sì tíì ka wákàtí tẹ́ ẹ ń lò lójú ọ̀nà.

Ohun tó ń mú kí àlejò sanwó ju ọmọ ìlú lọ ni pé kò ní àkọsílẹ̀ owó ilé tó ti san níbẹ̀. Onílé á béèrè onídùúró, ọ̀pọ̀ á sì fẹ́ kí owó oṣù yín tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé. Ẹ ti kó lẹ́tà iṣẹ́, àkọsílẹ̀ báńkì oṣù 3 àti lẹ́tà onílé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ jọ ṣáájú, torí ilé tó dáa kì í dúró de ẹni tó ń wá ìwé kiri. Lójú tèmi, ó sàn kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba yàrá oníbẹ́ẹ̀dì fún oṣù kan tàbí méjì, bó tiẹ̀ wọ́n díẹ̀, ju kẹ́ ẹ fọwọ́ sí àdéhùn ọdún kan lórí àdúgbò tẹ́ ẹ ò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ẹlòmíràn pín ilé, ẹ wò ó bóyá àdéhùn kan ṣoṣo lẹ jọ fọwọ́ sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tẹ́nì kan ò bá san tiẹ̀, onílé lè ní kí ẹni tó kù san gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó ní òun wà lókè òkun, pé kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ kóun fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́, gbájúẹ̀ ni. Ẹ fi àwòrán ilé náà wá a lórí Google. Tó bá jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì míì, ẹ fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá lè lọ fúnra yín, ẹ bẹ ẹnì kan kó wọlé, kó máa fi fóònù hàn yín bó ṣe ń lọ, láti ẹnu ọ̀nà títí dé yàrá. Owó kankan ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín àfi tí orúkọ onílé tó wà nínú àdéhùn bá bá orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ san án sí mu.