Ẹ bá mi wá fíìmù èdè Sípáníìṣì tó jọ Somos lo que hay

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láìpẹ́ yìí ni mo wo Somos lo que hay, fíìmù adẹ́rùbani tí Jorge Michel Grau ṣe ní Mẹ́síkò ní ọdún 2010, nínú èyí tí bàbá kan tó ń pa ènìyàn fún ìdílé rẹ̀ jẹ kú lójijì, tí iṣẹ́ ọdẹ burúkú náà sì já lé àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin lórí. Ibi tó kó jìnnìjìnnì bá mi jù ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bàbá náà ṣubú ní ilé ìtajà ńlá, wọ́n wọ́ òkú rẹ̀ lọ, wọ́n nu ilẹ̀, àwọn èrò sì ń bá tiwọn lọ bí ẹni pé omi lásán ló dà síbẹ̀.

Mo ti wo La Llorona ti Jayro Bustamante láti Guatemala pẹ̀lú. Ǹjẹ́ ẹ mọ òmíràn, pàápàá láti Ajẹntínà tàbí Sípéènì, tí ìdílé ti ń jẹrà nítorí pé ìlú fúnra rẹ̀ ti jẹrà? Ti iwin inú ilé àtijọ́ ti sú mi. Ẹ jọ̀wọ́, èyí tí wọ́n kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀ ni kí ẹ dárúkọ, nítorí n kò gbọ́ ju “gracias” lọ.