Iyán tí ọ̀rẹ́ mi gún dè mí ní Ifẹ̀

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ń ka ìrírí gbogbo yín lórí yíyà kí ọ̀rẹ́ lójú ọ̀nà, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń rò ó bóyá kí n sọ tèmi. Ohun tí mo ṣe yìí ṣì ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin gbéra ní Adó lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Èkó là ń lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ń ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mọ́tò mi la gbé, àbúrò mi ló ń wà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ̀ pé a ó gba Arámọkọ, a ó já sí Ìwàrájà, a ó wọ Iléṣà. Bí a bá ti kọjá Òṣú, Ifẹ̀ ló kàn.

Ifẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ń gbé. Ọdún méjì la fi jọ sùn sí yàrá kan ní Mọremí Hall nígbà tí a wà ní yunifásítì, lẹ́yìn náà a tún jọ háyà yàrá nígboro. Nítorí pé ọmọ Èkìtì ni mí, "Èkìtì" ló máa ń pè mí. Èmi náà a máa pè é ní "Ifẹ̀". Láti 2011 tó ti ṣe ìgbéyàwó, mi ò tún fojú kàn án. Orí fóònù la ti ń kí ara wa.

Mo pè é lálẹ́ Ọjọ́rú pé mò ń kọjá lọ́la, mo fẹ́ yà kí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ní, "Aago mélòó lẹ máa dé?" Mo ní á tó nǹkan bí aago méjìlá. Ó ní, "Ó dáa, mò ń retí yín." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì bi í ní nǹkan kan.

Nígbà tí a máa fi dé Iléṣà, ebi ti ń pa àbúrò mi. Ọmọ Èkìtì ni mí, mo mọ iyán, ṣùgbọ́n iyán Ìjẹ̀ṣà, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un. A yà sí búkà kan nítòsí ọjà Atákúmọ́sà. Mo kọ́kọ́ ní màá kàn tọ́ ọ wò ni. Iyán ọ̀hún funfun, kò ní kókó rárá, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń yọ èéfín. Mo jẹ ẹ́ tán, mo mu omi lé e.

Aago kan kù díẹ̀ la dé Lágere. Ọ̀rẹ́ mi ti wá dúró dè wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú oòrùn. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó dì mọ́ mi débi pé gèlè orí rẹ̀ tú, kò sì bìkítà. "Èkìtì! Èkìtì mi rèé!" Ó rù ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Fóònù ò sọ ìyẹn fún mi.

A dé ilé. Tábìlì ti wà ní títò, ó fi aṣọ funfun bo àwọn àwo, omi ìfọwọ́ ti wà nínú abọ́. Ó ká aṣọ náà kúrò. Iyán ni, ẹnìkan àwo kan, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùsí tó fi ẹja àrọ̀ sè. Ó ní, "Ẹ fọwọ́ kí ẹ jẹun, ẹ ti rìn jìnnà."

Mo ní, "Ha, Ifẹ̀, mo yó o. A ti jẹ iyán ní Iléṣà."

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bọ́ lẹ́nu mi báyìí ni ojú rẹ̀ yí padà. Kò pariwo, kò bínú. Ó ní, "Ó dáa." Ó rọra da aṣọ funfun náà bo àwo tèmi padà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àbúrò mi ti fọwọ́ ní tirẹ̀, ó ti bu òkèlè, ó nahùn sí i pé, "Àǹtí, ẹ má dá wọn lóhùn, èmi ò tíì yó o!" Lẹ́yìn náà ló wojú mi, ó ní, "Ẹ tẹ̀lé wọn."

Mo tẹ̀lé e. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Odó igi ńlá kan ni, ó ṣì tutù, ọmọrí odó fẹ̀yìn ti ògiri, iṣu ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé etí odó náà ti jẹ lápá kan. Ọkàn mi já. Mo mọ odó yẹn. Odó màmá rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa màmá yìí. Ìrẹ̀mọ ni ilé wọn. Nígbà tí a wà níléèwé, bí owó bá ti tán lọ́wọ́ wa, ọ̀dọ̀ màmá là ń sá lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kò pe iléèwé wa ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ rí. Ó ní Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n kó wá bá àwọn láti Ìbàdàn ní 1967, òun ò sì gbọ́ ti orúkọ tí ìjọba fún un ní 1987 lẹ́yìn ikú Awólọ́wọ̀. Bí a bá ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ṣé Yunifásítì Ifẹ̀ ò fún yín lóúnjẹ ni?" Kí a tó dáhùn, iṣu ti wà lórí iná. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gún un, kì í jẹ́ kí a gba ọmọrí odó lọ́wọ́ òun. Á ní àwa ń fi ọwọ́ kọ̀wé, kí a tọ́jú ọwọ́ wa.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni màmá kú. Mo gbọ́, mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo fi owó ránṣẹ́. Mi ò lọ síbi ìsìnkú. Àwọn ìbejì mi méjèèjì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn, ó mọ̀, ó sì ní kò burú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ara wọn yá tán, kí ló dí mi lọ́wọ́? Adó sí Ifẹ̀, ṣé ọ̀nà jíjìn nìyẹn?

Níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó ní, "Láti ìgbà tí màmá ti lọ, mi ò tíì fi odó yìí gún nǹkan kan. Iyán oníyẹ̀fun là ń rò jẹ. Nígbà tí o ní ò ń bọ̀, mo ní màá gún un fún Èkìtì, nítorí pé ìwọ náà jẹ níbẹ̀." Apá ọ̀tún ń dùn ún láti bí oṣù mélòó kan, mi ò mọ̀. Ọmọ aládùúgbò ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò lè gbé ọmọrí odó mọ́.

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, a jọ sunkún màmá bó ṣe yẹ kí a ti sun ún lọ́dún méjì sẹ́yìn. Nígbà tó yá, mo ní kó dìde, ebi ń pa mí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì dìde.

Mo jẹ iyán náà. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń jẹ ẹ́, à ń sọ̀rọ̀ màmá bí a ṣe ń jẹ. Bí ọbẹ̀ bá tutù, á tún gbé e kaná. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, aago ti kọjá mẹ́rin. Àbúrò mi ní òun ò ní wa ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn lálẹ́, inú mi sì dùn pé ó sọ bẹ́ẹ̀. A sùn síbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó mú wa rìn lọ sápá Ẹnuwá. Àbúrò mi ò dé Ifẹ̀ rí. Ó fẹ́ rí ère Mọremí tí Ọọ̀ni Ògúnwùsì gbé kalẹ̀ ní 2016, èyí tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Nígbà tiwa kò sí níbẹ̀, orúkọ Mọremí tó wà lára ibùgbé wa la mọ̀. A dúró sábẹ́ ère náà. Ọ̀rẹ́ mi ń sọ fún àbúrò mi bí Mọremí ṣe fi Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn. Ló bá dákẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Èmi náà nìkan ni màmá bí." Mo di apá rẹ̀ òsì mú, èyí tí kò dùn ún, títí a fi padà délé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a yà wo Ọ̀pá Ọ̀rányàn kí a tó jáde nílùú. Òkúta tó ga ju mítà 5 lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Àbúrò mi ya fọ́tò rẹ̀ tẹ́rùn. Mọ́ínmọ́ín eléwé tí ọ̀rẹ́ mi dì fún wa gbóná lórí ẹsẹ̀ mi títí a fi kọjá Gbọ̀ngán.

Ọmọ Ọbòkun, Iléṣà:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrántí màmá. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn.

Èmi ni ẹni tí wọn ò yà kí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Èkó, a jọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan kí wọ́n tó dá mi dúró tí mo fi padà wá sí Iléṣà. Oṣooṣù ló ń kó ọjà lọ sí Akúrẹ́, Iléṣà ló sì ń gbà kọjá. Ọdún kan gbáko, kò yà. Ìyàwó mi ló rí i níbi tó ti ń ra epo, ó pè mí. Mo gun ọ̀kadà, mo bá a níbẹ̀. Ó ń wolẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, òun ò fẹ́ kí n máa wá owó oúnjẹ àlejò kiri. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀bà kò wọ́n mi. Ìwọ ni mò ń wá."

Ó sùn sílé wa lọ́jọ́ náà, ẹ̀bà náà la jẹ. Lọ́jọ́ kejì mo bá a jókòó nínú ọkọ̀ dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, mo mú un lọ wo omi Olúmirìn tó ń já láti orí àpáta. Ìpele 7 ni, a gun ún dé ìkejì. Ó ti ń kọjá ní oríta yẹn tipẹ́, kò mọ̀ pé omi wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, nígbà tí ẹ ń bọ̀ láti Èkó ńkọ́? Ṣé ẹ tún yà?

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì:

Ẹ ṣé gan-an, Ọmọ Ọbòkun. "Ìwọ ni mò ń wá" yẹn wọ̀ mí lára.

A tún yà. Ọjọ́ Àìkú ni. Mo ra dòdò Ìkirè fún un, a ò sì jẹ nǹkan kan láti òwúrọ̀. Mo ti pè é láti Ìbàdàn pé kó má fọwọ́ kan ọmọrí odó, kó kàn bá mi se iṣu sílẹ̀. Òun ló jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ náà, tó ń sọ fún mi ibi tí kókó ṣì wà. Èmi ni mo gún un.