Eékún mi tó wú bí ẹyin

Táìsì ni mo ń tẹ́, ọdún 17 rèé. Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ kíni nílé wa, ìdọ̀bálẹ̀ la mọ̀, àmọ́ iṣẹ́ yìí ti sọ mí di ẹni tó ń kúnlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, níbi iṣẹ́ kan n'Íbàdàn, mo rí i pé iwájú eékún ọ̀tún mi wú. Kò kọ́kọ́ dùn mí. Ó kàn rọ̀ bí ẹyin bíbọ̀ tí wọ́n ti bó, tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá mi ní làkúrègbé ni. Wọ́n fi àdí pa á títí, wọ́n tún mú mi lọ bá bàbá kan tó ń to eegun. Bàbá yẹn fọwọ́ ra á, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sórí àjà! Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ó ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń gbóná, mi ò lè ká ẹsẹ̀ gun ọ̀kadà mọ́.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kì í ṣe inú oríkèé gan-an ló ń dà mí láàmú. Ó ní àwọn àpò tín-ín-rín wà kiri ara wa, wọ́n lé ní 100, omi díẹ̀ tó ń yọ̀ ló wà nínú wọn kí awọ àti iṣan má baà máa ha eegun. Kọ́ńkéré ti tẹ tèmi títí, omi wá kún un. Bursitis ni wọ́n ń pè é. Ó fi síríǹjì fa omi náà, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí kòkòrò ńbẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ní ọgbẹ́ inú kó tó kọ ibuprofen fún mi, ó ní kí n máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ń fi aṣọ wé yìnyín lé e fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Èyí tó le jù ni pé kí n má kúnlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Owó iṣẹ́ méjì ló bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ti ń so fóòmù mọ́ eékún báyìí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín.

*

Ẹ kú ewu o, bùọ̀dá. Ìgúnpá ni tèmi, mo máa ń fi í ti tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ bó díẹ̀, ó wá pupa, ibà dé. Àgbo ni mo ń mu fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lọ sí ọsibítù. Ọyún ni wọ́n fà jáde, oògùn apakòkòrò ni wọ́n fún mi.

*

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé n kò ní lè gbàdúrà lórí eékún mọ́ ni?

*

Màámi, ẹ gbé tìmùtìmù sábẹ́ ẹ, tó bá sì ń dùn yín, ẹ jókòó gbà á. Ìyá tèmi náà ti ń jókòó gbà á báyìí, àmọ́ làkúrègbé náà ni wọ́n ṣì ń pè é.