BMW M5, E55 AMG àbí Lexus IS F: èwo ló lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, tá a sì máa rí tà?

Ọmọ Ìbàdàn, Croydon:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń wá sálúùn tó ń sáré, onílẹ̀kùn mẹ́rin, torí àwọn ọmọ ni yóò máa jókòó lẹ́yìn. Mo rí BMW M5 ti ọdún 2007 kan. Nígbà tó jáde, ó lé ní £60,000. Iye tí wọ́n ń pè é báyìí kò tó ti Golf tuntun. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra Mercedes E55 AMG, èkejì ní Lexus IS F ló bọ́gbọ́n mu. Ọdún mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wà á, kí n sì tà á láìpàdánù púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Bàbá Ìbejì, Manchester:
Iye tí wọ́n ń ta M5 ti wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ páàtì rẹ̀ ò tíì gbọ́ o! Ẹ jẹ́ ká dúró de ẹ̀gbọ́n wa ní Dagenham.

Mẹkáníìkì Dagenham:
Àbúrò, mo ti kà á. E60 là ń pe M5 tí ò ń wò yẹn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùn ún gbọ́: sílíńdà mẹ́wàá, lítà márùn-ún, agbára ẹṣin 507, ó sì ń yí kọjá 8,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń pa á ni bẹ́árìn tó wà láàárín kọ́ńrọ́ọ̀dù àti kiránkì. Àyè tí ọ́ìlì ń gbà níbẹ̀ há, ọ́ìlì 10W-60 tí BMW ní ká máa lò sì ki. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ọ́ìlì tó gbóná, ṣe ni bẹ́árìn á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi to iná kéékèèké yí aago RPM ká, tí wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná. Kí o débẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí o wo bí ẹni tó ń tà á ṣe máa wà á. Wàá mọ irú ọwọ́ tí ọkọ̀ náà ti wà.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé, "Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ bẹ́árìn, rìsíìtì rẹ̀ dà?" Abẹ́ la ti ń ṣe é, a kì í yọ ẹ́ńjìnnì, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ owó odidi ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí rìsíìtì, gbà pé wọn ò ṣe é, kí o yọ owó náà kúrò nínú ohun tí o máa san. M3 sálúùn E90 tó ní sílíńdà mẹ́jọ náà ní àìsàn yìí.

Gíá SMG tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tí páńpù ló ń bá ọ yí i, ńkọ́? Páńpù rẹ̀ máa ń kú, gíá yìí nìkan ni wọ́n sì tà nílẹ̀ Yúróòpù. Àwọn ará Amẹ́ríkà rí mánúwà rà ní tiwọn, ìyẹn ni owó tiwọn fi dúró. Ohun kan náà ló gbé E39 tó ṣáájú rẹ̀ ga, M5 ti 1998 sí 2003: mánúwà ni gbogbo rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń gòkè ni. Ó ti kọjá ọkọ̀ tí à ń fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé.

E55 ti ọdún 2003 sí 2006: ẹ́ńjìnnì líle, gíá líle. Àwọn nǹkan tó yí wọn ká ló ń jẹ owó. Bíréèkì SBC rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ń darí, ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Tó bá pé, iná pupa á tàn, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀kì onífẹ́ẹ́fẹ́ náà ń jò. Tí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú tí igun kan sì rẹlẹ̀, má ṣe gbà á gbọ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló dagun.

Èyí tí wọn kì í sọ ni ti road tax, owó orí ọkọ̀ tí à ń san lọ́dọọdún. Ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí 23 oṣù Kẹta 2006 tó dé, bó ti wù kí èéfín rẹ̀ pọ̀ tó, ìsọ̀rí owó orí tí wọ́n ń pè ní band K ló dúró sí, ìyẹn ju £400 lọ díẹ̀ lọ́dún. Láti ọjọ́ yẹn lọ, band M ni irú àwọn ọkọ̀ yìí bọ́ sí, ó lé ní £700. M5 2007 rẹ wà níbẹ̀, gbogbo IS F náà wà níbẹ̀. Àmọ́ tó o bá ń wo E55 àtijọ́, fi nọ́ńbà rẹ̀ wò lójú òpó TfL, àjọ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, kí o tó san kọ́bọ̀. Láti oṣù Kẹjọ 2023 ni ULEZ, òfin owó èéfín ọkọ̀, ti dé gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, £12.50 lójúmọ́ sì ni fún ọkọ̀ tí kò bá yege. Croydon wà nínú rẹ̀.

Ìyá Tòbí, Milton Keynes:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mà sọ̀rọ̀ lórí tiwa! IS F là ń wà nínú ilé wa. Lítà márùn-ún, sílíńdà mẹ́jọ, Yamaha ló bá Toyota ṣe orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Gíá rẹ̀ jẹ́ ọ́tò onípele mẹ́jọ. Ó ń mu epo o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Àárín ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ wò: àwo kan wà lábẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, omi rédíétọ̀ máa ń jò níbẹ̀. Tí omi bá ń dín tí ẹ ò rí ẹ̀kán kankan nílẹ̀, ibẹ̀ ni. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò wọ́n, ọwọ́ ẹni tó máa tú u ló wọ́n. Díìsìkì bíréèkì iwájú náà kì í ṣe owó ọmọdé.

Ti pé ẹ fẹ́ tà á padà: wọn kò pọ̀ nílẹ̀ yìí, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń wá a. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò lára rẹ̀. Èkísọ́ọ̀sì aláriwo àti ríìmù tuntun ń lé olùrà sá. Ẹ yẹra fún Cat S àti Cat N, ìyẹn ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ rí tí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò sì ti kọ̀ sílẹ̀, bó ti wù kó dán tó.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston:
Níbí, Chevrolet SS ni mo bá lọ, ti 2014 sí 2017. Ọsirélíà ni Holden ti ṣe é, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ náà pa ní oṣù Kẹwàá 2017. Páàtì ẹ́ńjìnnì kún ìgboro, torí ẹ́ńjìnnì LS3 kan náà wà nínú Corvette. Bọ́ńpà ni wàhálà, tí ẹnì kan bá gbá ẹ. Tó bá sú mi, màá dà á sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Èkó.

Mẹkáníìkì Dagenham:
Ẹ̀yin lẹ rí ìyẹn ṣe. Tiwa, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wà. Nàìjíríà sì ti kúrò lórí wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì láti oṣù Kẹrin 1972. Ẹni tó bá ra M5 níbí, ibí ló máa ti tà á. Fún ọdún mẹ́ta tí o sọ, àbúrò, IS F ni màá rà. E55 tẹ̀ lé e, tí ìwé rẹ̀ bá pé. Lọ wo ìtàn MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, lójú òpó ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Máìlì tó ń lọ sókè lọ́dọọdún dára ju ti èyí tó jókòó sínú gáràjì lọ.

Ọmọ Ìbàdàn, Croydon:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí E55 kan báyìí, TfL ní ó yege. Oṣù Karùn-ún 2006 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní road tax rẹ̀ kéré.

Mẹkáníìkì Dagenham:
Oṣù Karùn-ún kẹ̀? Ó ti kọjá 23 oṣù Kẹta, band M ni. Ìyàtọ̀ ọdún mẹ́ta lé ní £900. Sọ fún un pé kó yọ ọ́ kúrò lára iye tó ń pè. Tó bá kọ̀, fi nọ́ńbà ọkọ̀ òmíràn ránṣẹ́ sí mi.