Ta ló ń ṣu bí ekòló sínú omi iyọ̀ mi?

Ará Tanke: Ẹ kú ilé o. Ìlọrin ni mo wà, omi iyọ̀ ni mo sì fi ń sin ẹja. A kò ní òkun nítòsí, nítorí náà fúnra mi ni mo ń po ó nínú ike: iyọ̀ gíráàmù 35 sí lítà omi kan. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Èkó ni wọ́n ti ń bá mi ra iyọ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ní owó iyọ̀ yẹn tó ra àgbò. Kò parọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jí fún àsùbáà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àpótí gíláàsì náà, mo bá rí iyanrìn tó ṣù gígùn gígùn, tó ká jọ bí èyí tí ekòló máa ń yà sílẹ̀ lásìkò òjò. Mo fi igi tọ́ ọ, ó fọ́. Kò rùn. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, ó ti di mẹ́ta. Ìyá mi tó wá kí wa wò ó títí, wọ́n ní àbí ẹnìkan ti fi nǹkan sínú omi yìí ni, kí n pe alfa.

Ohun tó já mi láyà yàtọ̀ sí ti Ìyá. Nínú Ààwẹ̀ tó kọjá ni mo ra sea cucumber kan, ohun ẹlẹ́mìí inú òkun tó rọ̀, tó rí gbọọrọ bíi kùkúńbà. Ó wọ abẹ́ òkúta lọ, n kò rí i mọ́. Mo sì gbọ́ pé bí irú àwọn kan nínú wọn bá kú sínú omi, oró wọn lè pa gbogbo ẹja. Ẹni tó bá ti rí irú èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Ará Ọ̀fà: Ẹ̀gbọ́n, kò kú. Òun ló ń ṣu ún. Iyanrìn ló ń gbé mì, á jẹ ìdọ̀tí ara rẹ̀ tán, á wá ya iyanrìn mímọ́.

Tèmi burú ju tiyín lọ. Mo bá edé mi lórí iyanrìn, ẹsẹ̀ pé, irùngbọ̀n pé, kò mira. Mo fi ṣíbí gbé e, mo sin ín sábẹ́ máńgòrò, ọmọ mi sunkún. Mo padà wọlé, edé ń rìn lórí òkúta! Èèpo rẹ̀ ló bọ́, bí ejò ṣe ń bọ́ awọ. Ọmọ mi ṣì gbà pé ó jí dìde ni.

Ará Òmù-Àrán: Èmi rí ohun pupa kan tó yọrí láti inú iyanrìn, mo rò pé okùn ni, mo fọwọ́ lásán fà á. Kòkòrò bí ọ̀kùn ni. Irun rẹ̀ wọ̀ mí níka bí yèrèpè. Sẹ̀lótéèpù ni mo fi fa irun náà jáde, kò sì tán bọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa iná lóru, ẹ fi láílọ́nù pupa bo tọ́ọ̀ṣì. Ìmọ́lẹ̀ pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ lé wọn sá.

Ará Tanke: Mo ti ṣe é o. Aago méjì òru, wọ́n ti mú iná lọ, ínfátà ló ń gbé páǹpù. Òun rèé lóòótọ́, dúdú, ó gùn tó ṣíbí, ó ń kó iyanrìn sẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń lá àádùn. Mo jí Ìyá. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

“Ìwọ lo fowó ra eléyìí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n padà lọ sùn.