Pàǹtí tí mo bá yà, pàǹtí náà ló ń jọ: báwo lẹ ṣe ń yọ ẹwà inú rẹ̀ jáde?

Olójú_Adó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ayàwòrán. Àwòrán afòyemọ̀ ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n yà, irú èyí tí àwọ̀, ìlà àti ara nǹkan á ti gba ojú èèyàn kó tó béèrè pé kí ni wọ́n yà. Àwọn nǹkan tí wọ́n ti jù nù ní Adó-Èkìtì níbí ló wù mí: pánù tó ti dógùn-ún, agolo mílíìkì tí ọkọ̀ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, ilẹ̀kùn ọkọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù pánẹ́ẹ̀lì bítà, àfọ́kù ìkòkò. Kámẹ́rà Canon APS-C (irú èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ kéré díẹ̀) àti lẹ́ńsì 50mm f/1.8 STM ni mo ń lò, fóònù sì wà.

Ìṣòro mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Tí mo bá fojú wò ó, ó rẹwà. Tí mo bá yà á tán, ààtàn lásán ni. Ìpẹtà tó pọ́n bí epo á di àwọ̀ eérú. Bí mo bá sì sún mọ́ ọn, lẹ́ńsì á kọ̀, kò ní mú un. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ará_Ìkéré

Àbúrò, etí nǹkan náà ni kó o kọ́kọ́ gé kúrò. Ẹnu agolo ló ń sọ fún ojú pé agolo ni. Ètè ìkòkò ló ń sọ pé ìkòkò ni. Bí etí kan ṣoṣo bá yọ sínú àwòrán, orúkọ ti dé nìyẹn, ẹni tó ń wò ó kò ní wá nǹkan mìíràn mọ́. Jẹ́ kí ara nǹkan náà kún àwòrán láti igun dé igun. Ṣa ewé àti òkúta kúrò, torí wọ́n ń tú àṣírí bí nǹkan náà ṣe tóbi tó. Lẹ́tà ló burú jù: ojú á ti ka ọ̀rọ̀ kó tó rí àwọ̀. Bí lẹ́tà bá wà lára agolo, gé e láàárín kó má ṣeé kà.

Lẹ́yìn ìyẹn, mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára irin, torí ibẹ̀ ni ẹwà yẹn ti ń wá. Wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan dáadáa. Ọ̀dà òkè lè jẹ́ búlúù, ọ̀dà ìsàlẹ̀ tó ní àwọ̀ eérú wà lábẹ́ rẹ̀, irin ló wá kẹ́yìn. Níbi tí nǹkan bá ti ha ọ̀dà bó, omi á wọlé. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, nítorí náà á máa ti ọ̀dà sókè láti abẹ́, ọ̀dà á lé ròrò, á bẹ́, etí rẹ̀ á ká sókè. Ohun tó o máa rí níbẹ̀ ni òrùka nínú òrùka: àárín tó dúdú, ìpẹtà tó pọ́n yí i ká, ìlà eérú tín-ín-rín, lẹ́yìn náà búlúù. Òrùka bẹ́ẹ̀ kan tí kò ju ìdérí ìgò lọ tó àwòrán kan gbáko. Pánù ní tirẹ̀ ní zinc lára, ìyẹn irin mìíràn tí wọ́n fi bò ó; zinc á kọ́kọ́ hu nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun kí ìpẹtà pupa tó dé, ẹ̀yìn ìṣó ló sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, tí omi òjò á fà á wálẹ̀ ní ìlà gbọọrọ. Yí irú àwòrán ìlà gbọọrọ bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀. Ojú ti mọ̀ pé òkè lomi ti ń ṣàn wá. Tó o bá yí i, ó lè di ojú ọ̀run tàbí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí.

Ìmọ́lẹ̀ wá ńkọ́? Jẹ́ kó máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ lára nǹkan náà. Ohun tó bá sùn sílẹ̀, yà á láàárín aago méje sí mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n má gba ti àwọn tó ní ọ̀sán kò dára fún àwòrán. Ní Èkìtì, oòrùn máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí gan-an lọ́sàn-án ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ohun tó bá dúró lóòró, bí ògiri tàbí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ti igi, ìmọ́lẹ̀ yẹn á máa rá wálẹ̀ lára rẹ̀, gbogbo ọ̀dà tó bó á ní òjìji. Agolo tó ń dán kò fẹ́ irú oòrùn bẹ́ẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ló dára fún un, torí eruku inú afẹ́fẹ́ á ti fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbọn eruku ara rẹ̀ kó o tó yà á.

Ibòji_àti_Ìmọ́lẹ̀

Ará Ìkéré ti sọ ti ojú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kámẹ́rà.

Lẹ́ńsì 50mm STM yẹn kì í mú ohun tó bá sún mọ́ ọn ju 35cm lọ. Lórí APS-C, ibi tó fẹ̀ tó bíi 10cm ló lè kún àwòrán yín, ìdí nìyẹn tí òrùka ìpẹtà fi ń jáde bí èérún. Ẹ wá extension tube, òrùka tó ṣófo tí wọ́n ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì. Èyí tó jẹ́ 12mm á sọ 10cm yẹn di bíi 5cm. Èyí tó jẹ́ 36mm á sọ ọ́ di bíi 2.5cm. Ẹ ra èyí tó ní ojú iná, àwọn irin kéékèèké tí kámẹ́rà fi ń bá lẹ́ńsì sọ̀rọ̀. Èyí tí kò ní, kámẹ́rà Canon kò ní lè pa ojú lẹ́ńsì dé, f/1.8 lẹ ó máa fi yàwòrán, àárín nìkan ló máa mú, igun gbogbo á di bàìbàì.

f/8 sí f/11 ni kẹ́ ẹ lò; bí nọ́ńbà f bá ṣe tóbi tó ni ihò lẹ́ńsì ṣe ń kéré tó. Ẹ má kọjá f/16, ihò kékeré yẹn fúnra rẹ̀ á sọ àwòrán di bàìbàì. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ àwòrán irú èyí jẹ́ ni pé ojú kámẹ́rà àti ojú nǹkan kò dọ́gba. Bí kámẹ́rà bá tẹ̀ díẹ̀, apá òkè á mú, apá ìsàlẹ̀ kò ní mú, f/11 gan-an kò sì ní gbà yín sílẹ̀. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní live view, ìyẹn lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó fi aago ìṣẹ́jú-àáyá 2 tẹ̀ ẹ́. ISO, ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, kó jẹ́ 100. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi dì í mú, kí ìyára kámẹ́rà má kéré sí 1/200 ìṣẹ́jú-àáyá.

Ti ìpẹtà tó ń di eérú: auto white balance, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, ló fà á. Pupa ló kún ojú rẹ̀, ó rò pé iná ló pọ́n, ó wá da búlúù lé e. Ẹ gbé e sí Daylight, ìyẹn 5200K, nínú oòrùn. Tó bá jẹ́ ibòji, ẹ lo Shade, 7000K. Ẹ yà á ní RAW pẹ̀lú, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe.

Agolo tó ń dán, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù ní −⅔ sí −1 (exposure compensation lára kámẹ́rà), torí ibi tó bá ti funfun gbòò kò ní nǹkan kan nínú mọ́ tẹ́ ẹ lè fà padà. Ẹ ta aṣọ funfun tín-ín-rín láàárín oòrùn àti agolo náà. Polarizer, gíláàsì tí wọ́n ń dé mọ́ iwájú lẹ́ńsì láti pa dídán, kì í pa dídán irin tó wà ní ìhòòhò, ẹ má náwó sí i nítorí ìyẹn. Ara ọ̀dà, ọ̀rá, ìgò àti ohun tó tutù ló ti wúlò. Ẹ fi ike ìfọ́nmi wọ́n omi díẹ̀ sí ìpẹtà, àwọ̀ rẹ̀ á jinlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá yí polarizer náà títí dídán omi á fi lọ. Kíá ni oòrùn máa gbẹ ẹ́, nítorí náà ẹ to gbogbo nǹkan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ́n omi.

Lórí fóònù, ẹ pa HDR àti fílásì. Ẹ tẹ ojú àwòrán mọ́lẹ̀ títí á fi tì pa, kẹ́ ẹ tó fà á wálẹ̀ kó ṣókùnkùn díẹ̀.

Adúróṣinṣin

Ohun kan tẹ́nì kankan ò tíì sọ: irin àlòkù ní olówó. Ọjà ni lójú ẹni tó ń rà á, tó sì ń wọ̀n ọ́n. Ẹ kí wọn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe, ẹ fi àwòrán kan hàn wọ́n nínú fóònù kẹ́ ẹ tó yọ kámẹ́rà. Bàtà tó nípọn, ìbọ̀wọ́, igi gígùn láti fi gbún abẹ́ pánù kẹ́ ẹ tó gbé e, nítorí ejò àti àkeekèé. Ẹ má fọwọ́ kan bátìrì ọkọ̀ tó ti là, ásíìdì wà nínú rẹ̀. Iná fúlọrẹ́sẹ́ǹtì tó fọ́ ní mákúrì nínú. Bí irin bá gé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ lọ wádìí abẹ́rẹ́ tetanus lọ́jọ́ náà.

Olójú_Adó

Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé kí n máa gbé nǹkan wálé ni, àbí ibi tó wà ni kí n ti yà á? Báwo sì ni kí n ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí bébà?

Ará_Ìkéré

Èmi ò rí ohun tó burú nínú gbígbé e wálé. Irving Penn, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, kó kúkúyé sìgá wọ sítúdíò lọ́dún 1972, ó fi platinum tẹ̀ wọ́n sórí bébà, Museum of Modern Art ní New York sì gbé wọn pàtẹ lọ́dún 1975. Ohun kékeré ló bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu. Ti ògiri àti ilẹ̀kùn, ibi tí wọ́n wà ni. Aaron Siskind, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà mìíràn, ti ń ya ọ̀dà tó ń bó àti ògiri ìgboro láti àwọn ọdún 1940, kò sì tún wọn tò. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kéèyàn fi ìṣó ha ọ̀dà kó lè bó. Ìlà tí ọwọ́ ha máa ń le gan-an, etí rẹ̀ kì í ká, ó sì máa ń hàn.

Ibòji_àti_Ìmọ́lẹ̀

Ti títẹ̀: àwòrán tó jẹ́ 6000×4000 tó ínǹṣì 20×13 ní 300 dpi (àmì 300 nínú ínǹṣì kan), ìyẹn tẹ́ ẹ ò bá gé e. Ìpẹtà àti àfọ́kù ìkòkò, bébà tí kì í dán ni kẹ́ ẹ lò. Agolo lè lọ sórí èyí tó ń dán. Ẹ má kọ "Agolo Mílíìkì" sábẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ nọ́ńbà àti ọdún tó níbí, kí orúkọ tẹ́ ẹ ti gé kúrò lójú àwòrán má bàa gba ìsàlẹ̀ wọlé. Kẹ́ ẹ tó sanwó èyí tó tóbi, ẹ tẹ ínǹṣì 4×6 kan wò lọ́dọ̀ ẹni tó máa bá yín tẹ̀ ẹ́. Dúdú àárín òrùka ìpẹtà ló sábà máa ń dí pa lórí bébà. Tó bá dí, ẹ gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀.