Ẹ gbà mí o, ọmọ mi ń jí òkú dìde ní pálọ̀

Ìyá Dárà: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má bú mi. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ń gbádùn wọn lóòótọ́ torí tí n bá ti ibi iṣẹ́ dé báyìí ọbẹ̀ ti wà nílẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé màmá fẹ́ràn fíìmù. Wọ́n wo Aníkúlápó ti 2022 tán, wọ́n tún bọ́ sórí síríìsì ẹ̀ tó jáde ní 2024, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, á sì jókòó tì wọ́n, wọ́n á jọ máa jẹ ẹ̀pà. Lọ́jọ́ Sátidé mo wọlé, mo bá àbúrò ẹ̀ obìnrin tó nà gbalaja sílẹ̀, wọ́n ti fi òwú dí ihò imú ẹ̀ méjèèjì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wé gèlè mi mọ́dìí, ó fi agolo Mílò kàn án níwájú orí, ó ní "Dìde! Èmi ni Sàró," ìyẹn ọkùnrin tó ń fi àdó jí òkú nínú Aníkúlápó. Ọmọ yẹn ò sì mira o! Àyà mi já. Ìgbà tí mo pariwo ló tó bú sẹ́rìn-ín, màmá náà ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní eré ọmọdé ni. Ṣé kí n yọ Netflix yẹn kúrò ni, àbí èmi ni mò ń bẹ̀rù jù?

Ìyá Ìbejì: Òwú nímú kẹ̀? Yéè! Yọ ọ́ lónìí, má dúró dọ̀la. Fíìmù wa ìsinsìnyí, tí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀, ìkòkò ẹbọ ni.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ìsinsìnyí bí i ti báwo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Fádèyí Olóró nínú Arélù, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? A máa ń sá sẹ́yìn àga, tó bá wá di òru kò sẹ́ni tó máa lè dá jáde lọ tọ̀. Kí tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀ tó dé, ṣebí ìyá àgbà ló ń pàlọ́ Olúrónbí fún wa, obìnrin tó fi ọmọ bíbí inú ẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìrókò. Èwo ló burú tó ìyẹn? A ò ya wèrè ṣá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ẹ̀ ya wèrè, àmọ́ ẹ ò lè dá jáde lọ tọ̀ 😂

Tíṣà Àgbà: Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Kí fíìmù fi ìkà hàn, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kó wá gbé e gẹ̀gẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Àwọn tó ń fi oògùn owó ṣe yangàn, tí ọmọkùnrin á pààyàn lónìí tá a sì rí i nínú mọ́tò olówó ńlá lọ́la, àwọn yẹn ni NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, ń lé kiri ní 2024, mo sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Ti Sàró kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára yẹn gùn ún, ó ní àfi kí ọba fún òun ní ọmọ ẹ̀ obìnrin kóun tó jí ọmọọba tó kú dìde, Àrólákẹ́ ìyàwó ẹ̀ tó ṣe é lóore ló sì ba àdó yẹn jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ayé ẹ̀ parí sí. Ìyá Dárà, ẹ bi ọmọ yẹn ìdí tí Sàró fi kú. Tí ò bá mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Àbẹ̀ní London: Èmi ò gbà pátápátá o Tíṣà. Kunle Remi tó ṣe Sàró rẹwà jù, ó tún mọ eré ṣe, ọmọ ọdún mẹ́jọ ò ní rí ìkà kankan níbẹ̀, ọkùnrin tó ní agbára nìkan ló máa rí. Ibi tí òṣèré bá ti mọṣẹ́ jù gan-an ni ewu wà fún ọmọdé. Ẹ wo Sola Sobowale. Nígbà tó ṣe Toyin Tomato lórí Super Story, màmá mi máa ń dìde dúró ṣépè fún tẹlifíṣọ̀n! Síríìsì King of Boys ti 2021 wá ńkọ́, níbi tí Toni Tones ti ń ṣe ìgbà èwe ẹni tí Sola ń ṣe, tó jókòó síwájú ẹ̀ tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sóògùn, kò sí òwú nímú, síbẹ̀ èmi àgbà ò rí oorun sùn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Iná ni obìnrin yẹn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn náà kì í ṣe fíìmù ọmọdé.

Bàbá Ṣeun: Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò jàre, màmá ò ní ríbi fi ojú sí, ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ ọ. Ẹ ṣí ti ọmọ sọ́tọ̀ lórí Netflix, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà mẹ́rin ti tàwọn àgbà pa.

Ìyá Dárà: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin èèyàn mi. Mo bi í bí Tíṣà ṣe wí. Ó ní ojúkòkòrò ló pa Sàró, ó ti níyàwó ó tún ń wá ọmọ ọba. Màmá ní "O ò rí i?" Ẹnu mi wọhò. Àmọ́ mo ti kó gbogbo òwú ilé pamọ́, mo sì ṣe bí Bàbá Ṣeun ṣe wí lálẹ́ àná. Bí aago mẹ́sàn-án ṣe ń lù báyìí, màmá dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ohùn wọn rọ̀ bí òrí: "Ìyá Dárà, nọ́ńbà wo lo fi ti tẹlifíṣọ̀n yìí pa ná?"